Akéwì Tí Kò Ní Ẹ̀dà, Kó Má Sunkún

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí lè dùn yín díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan ní iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ flash àti ẹ̀dà fáìlì, pé akéwì kì í ṣe ẹ̀ńjíníà. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sílé ní Ìlasà-Èkìtì, mo gba ohùn yèyé mi àgbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ àlámọ̀. Wákàtí méjì ó lé. Mo kó o sínú láptọ́ọ̀pù, mo pa ti fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é.) Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yèyé mi re ibi àgbà ń rè. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Windows fi kọ̀, kò ṣí mọ́. Mo gbé e fún bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí o. Inú ẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Windows ló kú, dísìkì ò kú! Ká ní mo ti fi Rufus kọ Linux Mint sórí flash 8GB kan ni (ọ̀fẹ́ ni méjèèjì), ǹ bá kì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ǹ bá tẹ F9 torí HP ni tèmi, F12 ni ti Dell, kí ẹ̀rọ jí láti ara flash. Ǹ bá sì kó ohùn yèyé mi jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí BitLocker bá ti dísìkì tiyín pa, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Nọ́ńbà 48 ni.

Ẹ ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé? Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá, ó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba ní 1899, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ. Wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, ó di Amẹ́ríkà! 1921 ló tó jáde. Ṣé ẹ̀ńjíníà ni Johnson?

Ẹlòmíì á ní, "Tèmi wà lórí Google Drive." Ó dáa. Ní 14 oṣù kẹta 2024 tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ńkọ́? Ẹ fi ọ̀kan sórí Drive, ọ̀kan sórí dísìkì ìta, kí dísìkì yẹn má sì bá láptọ́ọ̀pù sùn nínú báàgì kan náà. Olè ò ní yọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Mo wà ní yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá mú flash tó ṣófo wá (Rufus á pa ohun orí ẹ̀ rẹ́ o), mà á bá a ṣe é, mi ò gbowó. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù náà lè wá.