Ẹ Wo Ọmọ Kí Ẹ Tó Wo Dírágónì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwa tí a ń kọ ọ́ gan-an, nítorí àwa ni a kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ní ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, ìyá kan sáré wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ó mú ìwé nóòtù kan lọ́wọ́ tí ó rí nínú báàgì ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14. Ó ṣí i, a sì wò ó. Dírágónì olórí márùn-ún wà ní ojú ewé kìíní. Ọwọ́ dúdú kan, bí èdìdì, wà ní ojú ewé kejì. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé e tí ó jọ ọfọ̀. Ó tún fi dáìsì kan hàn wá, kì í ṣe irú ti lúdò tí a mọ̀, nítorí ojú 20 ni ó ní.

"Ẹ gbà mí o," ni màmá náà wí. "Ṣé ọmọ mi kò ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn báyìí?"

Kí ni àwa ṣe? A kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ náà. A ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 19, níbi tí àwọn ará Éfésù ti sun ìwé idán wọn, a sì ní kí màmá lọ dáná sun ún. Ó sun ún ní ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ dúró, ó ń wò ó. Ohun tí ó sọ kò ju "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, eré ni" lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti dákẹ́. Ó ń kí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń jẹun, ó ń wá sí ilé ìsìn, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ mọ́ wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá padà wá pẹ̀lú omijé. Ó ní, "Ìwé ni mo sun, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọmọ mi ni mo lé lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn. Ìgbà náà ni a tó jókòó láti wádìí ohun tí ó yẹ kí a ti wádìí kí a tó ṣáná.

KÍ NI ERÉ YÌÍ?

Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó ṣe é jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti gbé e jáde, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Lónìí ó ti tàn ká ayé. Fíìmù Stranger Things, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, fi í han àwọn ọmọ wa. Eré orí kọ̀ǹpútà kan tí ó jáde ní ọdún 2023, Baldur's Gate 3, inú ayé rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ti ọmọ tiwa yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti London wá ṣe Kérésìmesì ni ó kọ́ ọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹnì kan yóò jókòó bí apààlọ́. Yóò ní, "Ẹ ti dé ẹnu ihò kan. Ẹ gbọ́ tí nǹkan kan ń mí nínú òkùnkùn. Kí ni ẹ ó ṣe?" Àwọn yòókù ti yan ẹni tí wọn yóò jẹ́ nínú ìtàn náà: ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, ọ̀kan oníwòsàn, ọ̀kan ọdẹ. Kálukú yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, yóò sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò bọ́ sí i. Wọn kì í bá ara wọn díje. Bí wọ́n bá là, gbogbo wọn ni ó là. Bí wọ́n bá sì ṣubú, wọ́n jọ ṣubú ni.

Ẹ̀yin àgbà, ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí wa? Ṣé àwa kò jókòó yí ìyá àgbà ká rí, tí a ń gbe orin Ìjàpá? Mélòó nínú wa ni kò ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ní ilé-ìwé? Ilé ìtẹ̀wé ìjọ, CMS, ni ó tẹ ìwé náà ní ọdún 1938, pẹ̀lú Àgbákò àti gbogbo iwin inú rẹ̀. A kà á, ẹ̀rù bà wá, a rẹ́rìn-ín, kò sì sọ wá di abọ̀rìṣà.

NÍBO NI ÀWỌN ẸRANKO NÁÀ TI WÁ?

Nígbà tí a tọpa wọn, ẹnu yà wá.

Dírágónì olórí márùn-ún tí ó dẹ́rù ba màmá ni Tiamat. Orí rẹ̀ kan pupa, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan sì jẹ́ àwọ̀ aró. Inú ìtàn àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ náà: Tiamat ni òkun ńlá tí òrìṣà wọn, Marduk, pa. Marduk yìí náà ni Mérodákì tí wòlíì Jeremáyà dárúkọ ní orí 50. Ọba àwọn dírágónì rere, tí ó jẹ́ ọ̀tá Tiamat, ni Bahamut. Àwọn Lárúbáwá ni ó ni orúkọ yìí, ẹja ńlá kan nínú ìtàn wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni a sì rò pé láti ara Béhémótù ni orúkọ náà ti jáde, ẹranko alágbára inú Jóòbù orí 40.

Demogorgon ńkọ́, ẹ̀mí àìmọ́ olórí méjì tí fíìmù Stranger Things yá orúkọ rẹ̀ lò? Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà jù ni pé àṣìṣe adàwékọ kan láyé àtijọ́ ni ó bí i. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí ó túmọ̀ sí "ẹlẹ́dàá" ni ó ṣì kọ, àwọn tí ó kà á lẹ́yìn rẹ̀ sì rò pé orúkọ ẹ̀mí kan ni. Gègé tí ó ṣáko ni a ń sá fún!

Èyí tí ó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti ẹranko tí ó ń mú irin dógùn-ún, kí ó tó jẹ ẹ́, àti èyí tí ó jẹ́ ìdajì òwìwí, ìdajì béárì. Ohun ìṣeré ọmọdé oníke tí kò wọ́n, tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, ni Gygax rà nínú ọ̀rá kan. Kò mọ irú ẹranko tí wọ́n jẹ́, ó bá fún wọn ní orúkọ àti ìwà.

ÀMÌ ÀTI ỌFỌ̀

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ ni ó ká wa lára jù, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Bí eré náà ṣe ń lo ọfọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ìwé ìtàn àròsọ Jack Vance, The Dying Earth, tí ó jáde ní ọdún 1950, ni wọ́n ti mú un: oṣó yóò há ọ̀rọ̀ sórí, bí ó bá ti sọ ọ́ tán, yóò gbàgbé rẹ̀. Láti ju bọ́ọ̀lù iná, ìwé wọn ní kí oṣó mú ìgbẹ́ àdán àti imí ọjọ́ dání. Ó dún bí oògùn, àbí? Ṣùgbọ́n àwàdà ni. Imí ọjọ́ wà lára ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, a sì ń rí èròjà ẹ̀tù nínú ìgbẹ́ àdán. Ti mànàmáná, irun ẹranko díẹ̀ àti ọ̀pá dígí ni. Ẹ bi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì: bí a bá fi irun ra dígí, iná mànàmáná díẹ̀ yóò jáde níbẹ̀.

Ọfọ̀ mìíràn sì wà tí ẹni tí ó bá ka Ẹ́kísódù yóò mọ orírun rẹ̀: ọ̀pá tí ó di ejò, omi tí ó pín níyà, kòkòrò tí ó bo ilẹ̀.

Ọwọ́ dúdú ńkọ́? Àmì Bane ni, òrìṣà ìnilára nínú ayé kan tí wọ́n ń pè ní Forgotten Realms. Ará Kánádà kan, Ed Greenwood, ni ó fi ọkàn rò ayé náà láti ìgbà èwe rẹ̀, a sì gbé e jáde fún eré yìí ní ọdún 1987. Kò sí ẹgbẹ́ òkùnkùn kankan nínú rẹ̀.

Àmì kan ni ó dá wa dúró. Nínú ìwé ti ọdún 1974, àgbélébùú wà lára ọjà tí à ń rà: ti igi, owó wúrà 2, ti fàdákà, owó wúrà 25. Wọ́n ń nà án sí òkú tí ó ń rìn kí ó lè sá. Níbí, ó yẹ kí Kristẹni sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àgbélébùú kì í ṣe ìfunpá, kò sì sí agbára nínú igi. Ṣùgbọ́n kí a tó bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ǹjẹ́ kò sí nínú àwa náà tí ó ń fi àgbélébùú kọ́ ọrùn gẹ́gẹ́ bí oògùn?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ní ọdún 1979, ọmọ ọdún 16 kan tí ó mọ̀wé púpọ̀ sọnù ní yunifásítì Michigan State. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹbí rẹ̀ gbà síṣẹ́ gbọ́ pé ó ń ṣe eré yìí, ìwé ìròyìn sì gbé e kiri pé eré náà ni ó gbé e lọ sínú ihò abẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n rí ọmọ náà láàyè lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ṣùgbọ́n ní ọdún 1980, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà kọ ìwé ní ọdún 1984, ó sì hàn níbẹ̀ pé kì í ṣe eré ni ó lé ọmọ náà kúrò nílé. Ìdánìkanwà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ẹrù ẹ̀kọ́ tí ó wúwo ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ni.

Ìbẹ̀rù kò dúró síbẹ̀. Ìjọ púpọ̀ gbógun ti eré náà, títí àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ fi yọ ọ̀rọ̀ "ẹ̀mí èṣù" kúrò nínú ìwé wọn ní ọdún 1989, tí wọ́n sì fi orúkọ mìíràn pe àwọn ẹ̀dá kan náà. Orúkọ yí padà, ẹ̀dá kò yí padà.

Ẹ kíyè sí i: gbogbo ènìyàn ń wo dírágónì. Ta ni ó wo ọmọ?

A LỌ BẸ ỌMỌ

Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dìde lọ sí ilé màmá. A tún ka Ìṣe orí 19 kí a tó lọ, ojú sì tì wá. Àwọn tí ó sun ìwé ní Éfésù, ìwé tiwọn ni wọ́n mú wá, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ti fi í ṣe. Ẹgbàá márùn-dín-lọ́gbọ̀n owó fàdákà ni iye rẹ̀, wọ́n sì fi tinútinú sun ún. Kò sí ẹni tí ó já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀.

A bẹ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀. A ní, "Ọmọ wa, a kò bi ọ́ kí a tó dájọ́. Jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú ìwé yẹn?"

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní Ìbàdàn kí a tó kó wá sí Ìkòròdú ni ẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń ṣe é lórí fóònù. Èmi ni mo máa ń pa ìtàn náà fún wọn. Ọwọ́ dúdú yẹn, ọ̀tá wa ni; oṣù mẹ́jọ la ti ń lé e. Gbogbo ìtàn wa ló wà nínú ìwé yẹn." Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ rí: láti ìgbà tí ó ti dé ilé-ìwé tuntun, kò sí ọmọ kan tí ó ń bá a jẹun ní àkókò ìsinmi.

KÍ NI KÍ ÒBÍ ṢE?

Èkíní: ẹ béèrè kí ẹ tó bínú. Ẹ ní kí ọmọ pa ìtàn náà fún yín. Ẹni tí ó ń lọ sí ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í fẹ́ kí òbí gbọ́. Ọmọ tí ó ń ṣeré yóò sọ títí yóò fi sú yín.

Èkejì: ẹ mọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é. Àjèjì àgbàlagbà tí ó wà lórí fóònù pẹ̀lú ọmọ yín léwu ju dírágónì olórí ẹgbẹ̀rún lọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn. Nínú eré yìí, oníwòsàn a máa yan òrìṣà tí yóò máa pè. Bí èyí bá ń da ọmọ yín láàmú, ó lè jẹ́ jagunjagun tàbí ọdẹ. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ eré náà nínú ilé yín rárá, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú àlàyé, kì í ṣe pẹ̀lú ìṣáná.

Ẹ̀kẹrin: bí ọmọ bá kúrò nínú ìtàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí wá oògùn gidi tàbí ẹni tí yóò bá òkú sọ̀rọ̀, èyí kì í ṣe eré mọ́. Ẹ tètè dìde, pẹ̀lú àdúrà àti ìmọ̀ràn.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ ṣọ́ wákàtí. Bí eré bá gba oorun, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ilé, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ará, a kò lè dá eérú padà di ìwé. Màmá ra ìwé nóòtù tuntun, ọmọ sì gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣí i ní ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí màmá ti ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rí i, kò dákẹ́. Ó ń pa ìtàn rẹ̀ lọ.

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ó ń gbọ́ ọmọ, kí ó sì tún ohun tí a ti fi ọwọ́ ara wa bàjẹ́ ṣe. Ó di oṣù tí ń bọ̀.