Ẹ má bu omi Ọ̀ṣun fọ́mọ mu

Èèwọ̀ ló pa Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́: a kì í gégi níbẹ̀, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja. Ní 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da odò náà rú látòkè. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Bí ẹ sè é, májèlé bí òjé kò ní kúrò níbẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ṣe kíndìnrín àgbà léṣe.

Bí ẹ bá lọ wúre, ẹ gbé omi ẹ̀rọ dání. Èèwọ̀ tó pa igbó mọ́, ẹ jẹ́ ká fà á dé òkè odò.