Ẹ Má Kánjú Ṣe Sinimá Obi-Wan, Àgbà Náà Ṣì Ń Dàgbà

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti gáàrì tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Ta ni ìyẹn ò kàn nínú wa?

Àwọn tó fẹ́ràn Star Wars, eré àwọn tó ń jagun láàárín ìràwọ̀ lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, ní àgbà kan tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré. Obi-Wan Kenobi lorúkọ ẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò ṣe sinimá ti baba yìí nìkan, èyí tí yóò jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kì í ṣe pé yóò kàn yọjú, yóò gba ọmọdé nímọ̀ràn, yóò sì kú. Wọ́n ṣe eré tẹlifíṣàn fún un ní 2022, òùngbẹ ò tán. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀: ṣé sinimá ń bọ̀? Kí ni yóò wà nínú ẹ̀? Ṣé òun àti Darth Vader yóò tún jà? Ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá sí i.

Fún ẹni tí kò bá wo eré náà rí, ẹ jẹ́ n là á ní ṣókí. Obi-Wan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Jedi, àwọn jagunjagun tó ń fi idà oníná jà, tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé agbára kan tí ojú ò rí. Ọ̀gá ẹ̀, Qui-Gon Jinn, kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi ọmọ kan lé e lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ sì wò ó o, Obi-Wan fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fìríìdọ́ọ̀mù ni! Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ọmọ náà, Anakin, ó fẹ́ràn ẹ̀ bí àbúrò. Kí lọmọ ṣe? Ó lọ dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá, ó pa àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ irú iṣẹ́ tí òun náà kọ́, ó di Darth Vader tí gbogbo ayé ń sá fún. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ fi idà pàdé lẹ́bàá odò iná. Ọ̀gá gé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí iná máa jó o. Sinimá mẹ́ta tó jáde ní 1999, 2002 àti 2005 ló sọ ìtàn yìí, Ewan McGregor, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló sì ṣe Obi-Wan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Obi-Wan gbé Luke, ọmọ tí Anakin bí, lọ fún àwọn ìbátan ẹ̀ nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tatooine. Òun náà fara pamọ́ sí tòsí, ó ń ṣọ́ ọmọ náà láti òkèèrè. (Aṣálẹ̀ yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni o. Tunisia ni wọ́n ti lọ ya á ní 1976.) Ọdún 19 ló fi wà níbẹ̀. Nígbà tó yọjú nínú sinimá àkọ́kọ́ tó jáde ní 1977, ó ti di arúgbó onírùngbọ̀n funfun, Alec Guinness, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì ṣe é.

Ọdún 19! Kí ló ń jẹ? Kí ló ń rò? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àhesọ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ti owó, nítorí owó ló ń darí ilé sinimá. Ní 2012, George Lucas tó dá eré yìí sílẹ̀ ta ilé-iṣẹ́ ẹ̀ fún Disney ní owó tó lé ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Ẹni tó bá fi irú owó yẹn ra oko, ó di dandan kó kórè. Disney ní àwọn yóò máa ṣe àwọn sinimá tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn àkọ́kọ́. Rogue One jáde ní òpin 2016, ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Inú wọn dùn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2017, àwọn ìwé ìròyìn Hollywood gbé e pé wọ́n ti ń bá Stephen Daldry, ẹni tó darí Billy Elliot, sọ̀rọ̀ pé kó wá darí sinimá Obi-Wan. Ariwo ta! Àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Àṣé ìlù ò tíì dún. Ní oṣù karùn-ún 2018, sinimá ti Han Solo jáde. Wọ́n ti lé olùdarí méjì kúrò lẹ́nu ẹ̀, wọ́n pe ẹlòmíràn wá tún un ṣe, owó rẹpẹtẹ sì wọ inú ẹ̀. Èyí tó pa káàkiri ayé ò tó mílíọ̀nù 400 dọ́là. Òfò nìyẹn lójú tiwọn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí alángbá, yóò sá. Wọ́n pa ẹnu mọ́ lórí sinimá Obi-Wan, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi ní oṣù kẹjọ 2019 tí McGregor jáde síwájú èrò pé òun ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sinimá mọ́. Eré alápá mẹ́fà ni, lórí Disney+, níbi tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó wò ó nílé. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, 2022 ló bẹ̀rẹ̀.

N ò ní sọ pé eré náà burú. McGregor ṣiṣẹ́. Nígbà tí idà la ìbòjú Vader, tí ọ̀gá rí ojú ọmọ tó tọ́, tó ń fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ẹni tí ìyẹn ò bá wọ̀ lára, òkúta ló gbé sáyà. Ṣùgbọ́n wàhálà dé. Nínú sinimá 1977, nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jọ ti ẹni tí kò tíì fojú kan ara wọn láti ìgbà tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Eré 2022 wá ní wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì láàárín kan! Leia náà ńkọ́? Ní 1977, iṣẹ́ tó rán sí Obi-Wan jọ ti ọmọ tó kàn gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀. Eré 2022 ní baba yìí ti gbà á lọ́wọ́ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ṣé ẹni tó gba ẹ̀mí ẹni là ni wọ́n ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ náà dun olólùfẹ́ kan títí ó fi mú apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gé e, ó so ó pọ̀, ó di sinimá wákàtí méjì àbọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí Disney ò ṣe, oníbàárà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.

Èmi ò rò pé gígùn eré náà nìkan ni ìṣòro. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbà mí. Àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú, èjí là ń pè é, ẹwà ni. Ta ló ń lọ bá oníṣègùn pé kó wá fi eyín mìíràn dí èjí òun? Ọdún 19 yẹn, èjí ìtàn náà ni. Ohun tí a ò mọ̀ nípa àgbà wà lára ohun tó ń jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ bá wọn gbé Vader sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá wọn gbé e lẹ́ẹ̀mejì, èjí ti ń dí nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń pariwo pé kí sinimá dé kí wọ́n lè tún jà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná.

Àwọn kan tún dé tiwọn. Wọ́n ní ṣebí kọ̀ǹpútà wà, kí wọ́n fi gbé ojú Alec Guinness padà. Haa! Ẹ wo ohun tí wọ́n ti ṣe ná. Nínú sinimá 2015, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Obi-Wan pe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rey, ohùn àtijọ́ Guinness ni wọ́n tú. Wọ́n rí ibi tó ti sọ “afraid”, wọ́n gé iwájú, wọ́n gé ẹ̀yìn, ó ku “Rey”. Nínú Rogue One, Peter Cushing tó ti kú láti 1994, wọ́n gbé ojú ẹ̀ lé òṣèré mìíràn lójú. Guinness ńkọ́? Òṣèré tó ti gba Oscar fún sinimá kan ní 1957 ni. Star Wars sọ ọ́ di olówó, nítorí ó bá wọn pín nínú èrè, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ sú u. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọdékùnrin kan wá ń yangàn fún òun pé òun ti wo sinimá náà ju ìgbà 100 lọ. Baba ní kó ṣèlérí pé kò ní wò ó mọ́. Ọmọ bú sẹ́kún! Guinness kú ní 2000. Ẹni tó sọ pé ó sú òun nígbà tó wà láàyè, ẹ fẹ́ jí i dìde kó wá tún un ṣe? Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ó dáa, ṣé kí wọ́n má ṣe sinimá rárá ni? N ò sọ bẹ́ẹ̀. Eré 2022 dúró sí ọdún kẹwàá nínú ọdún 19. Ọdún mẹ́sàn-án ṣì kù. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, n ó ní kí wọ́n ṣe é bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kó má kọjá wákàtí méjì. Kí Vader má yọjú níbẹ̀. Kí ó dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ àkọ́kọ́ di apànìyàn, báwo ló ṣe ń gbójú láti tún mú òmíràn?

Ẹ rántí pé nígbà tí Luke béèrè bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ Obi-Wan ní 1977, ohun tó sọ fún un ni pé Vader ló pa á. Àbí irọ́ kọ́? Vader ni bàbá náà gan-an! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Sinimá 1980 ni òótọ́ bá ti Obi-Wan, láti ẹnu Vader fúnra ẹ̀, lẹ́yìn tó ti gé ọwọ́ ọmọ náà tán. Ní 1983, iwin Obi-Wan ń ṣàlàyé pé òun ò purọ́, pé ó dá lórí ibi téèyàn bá ti wò ó ni. Títí dòní, àwọn olólùfẹ́ ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Sinimá tí mò ń wí nìyẹn: àgbà kan nínú aṣálẹ̀, tó ń wo ọmọ tó ń dàgbà, tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, Owen, ò fẹ́ kó sún mọ́ ilé, tó sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ọmọ yóò béèrè. Kí ni òun yóò sọ? Bàbá àti ìyá mélòó ló ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ káàkiri lónìí? Ìyẹn ju idà oníná lọ.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má kánjú sì nìyí. Guinness wà ní ẹni ọdún 62 nígbà tí wọ́n ń ya sinimá àkọ́kọ́. Ọdún 1971 ni wọ́n bí McGregor, ó sì ti sọ ní gbangba pé òun ò kọ̀ láti tún ṣe é. Ọdọọdún ló ń sún mọ́ ọjọ́ orí Guinness. Ewú tó ń hù lórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ò lè ṣe irú ẹ̀. Ìdádúró tó ń bí yín nínú yìí, òun ló ń se ọbẹ̀ náà jiná.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ lẹ́yìn Obi-Wan. Ọmọ wa kan wà nínú eré yìí, John Boyega, tí àwọn òbí ẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n bí i ní London. Òun ló ṣe Finn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀ hàn ní 2014, àwọn kan ń kùn pé kí ni aláwọ̀ dúdú ń wá níbẹ̀. Ní 2022, wọ́n tún kọ èébú ránṣẹ́ sí Moses Ingram, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣe Reva nínú eré Obi-Wan. McGregor jáde, ó ní ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀ kì í ṣe olólùfẹ́ eré yìí lójú òun. Àgbà tó ń ṣe bí àgbà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ sinimá àgbà, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìwà lọ́dọ̀ àgbà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irọ́ ni Obi-Wan pa fún Luke, àbí ààbò ló fi ṣe? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù, ẹ má sì bú ara yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.