Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Òpin! Ẹni tó bá máa bínú, kó jókòó bínú, kó ṣáà gbọ́ mi tán.

Láìpẹ́ yìí mo lọ kí àwọn àna mi ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ níbi ìpàdé, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn: òyìnbó ti kó wa lẹ́rù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Jámánì ti dá lára ti Bìní padà ní 2022, tiwa ńkọ́? Inú mi dùn sí wọn. Mo ní ó dáa, ẹ mú mi lọ wo èyí tí òyìnbó ò kó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó rí ẹni tó mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, orí eégún Ẹpa méjì ni mo rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ikán ti jẹ ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ ẹṣin tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì ti èkejì. Sìmẹ́ǹtì o! Ẹni tó gbé e síbẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń pariwo Lọ́ńdọ̀nù.

Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀? Òsí tí ẹ ń gbà kọjá lọ sọ́jà, ìlú Aréògún ni, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ọmọ rẹ̀, Bándélé, náà di agbẹ́gilére. Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìlú Bámigbóyè ni, ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1885, tó kú ní 1975. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ orí Ẹpa: ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò tí ènìyàn ń kì bọrí, òkè rẹ̀ lè jẹ́ ìyá ọlọ́mọ tàbí jagunjagun lórí ẹṣin, kí onílù àti ẹrú àti ọmọ ogun sì yí i ká. Ọkùnrin á gbé gbogbo ẹrù yìí lórí, á jó, á sì fò gun òkìtì níṣojú ìlú. Bí ó bá gùn ún láìṣubú, ọdún ìlú ti dára nìyẹn. Ohun tí baba wọn fi ń wo ọjọ́ ọ̀la ni wọ́n gbé sìmẹ́ǹtì tì.

Ní oṣù kẹsàn-án 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè yìí, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní 2023. Wọ́n yá lára rẹ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lagos, wọ́n sì tẹ ìwé ńlá jáde nípa ọkùnrin náà. Èmi wá bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan níbí pé ta ni Bámigbóyè. Ó ní, "Bàbá, ṣé olórin ni?"

Mo mọ àwáwí tí ẹ máa ṣe. Ẹ̀ẹ́ ní ohun òrìṣà ni, pé ẹ ti gba Jésù, ẹ ti ń kírun. Moshood ni orúkọ Bámigbóyè fúnra rẹ̀! Fádà Kevin Carroll, òyìnbó Ìjọ Àgùdà, kò dáná sun ère nígbà tó dé ilẹ̀ Èkìtì. Ní 1947 wọ́n dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́, Bándélé ọmọ Aréògún sì ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Igi ò ní kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún òun. Ẹ tọ́jú u ni mo wí, n ò ní kí ẹ bọ ọ́.

Ẹlòmíràn á ní ìjọba ló ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Èsìẹ́, kò jìnnà síbí. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ò gbẹ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, inú igbó ni wọ́n bá a. Síbẹ̀ wọ́n yan àwòrò tì í, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ, kí òyìnbó alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan tó kéde rẹ̀ ní 1933, kí ìjọba tó kọ́lé sí i ní 1945, èyí tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí wọn ò ṣe ni wọ́n ṣọ́. Ẹ̀yin ò lè ṣọ́ èyí tí baba yín fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ tún máa ní owó ò sí. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kò tòṣì. Ní oṣù kẹjọ 2023 ni àṣírí tú pé nǹkan bí 2,000 ẹrù ibẹ̀ ti sọnù, tàbí wọ́n jí i, tàbí wọ́n bà á jẹ́. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹrù náà ni wọn ò kọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ta ni yóò wá mọ̀ pé ó ti lọ? Ìwé kékeré kan àti bírò kan, èló ni?

Fóònù olówó ńlá wà lọ́wọ́ yín, oúnjẹ àríyá lẹ fi ń yà. Ẹ ya ère kọ̀ọ̀kan níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ kọ ibi tó ti sán àti ibi tí ọ̀dà ti bó, torí àpá yẹn ni a ó fi dá a mọ̀ níwájú adájọ́. Àwọn ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, ti ṣe áàpù kan tí wọ́n ń pè ní ID-Art láti 2021. Ọ̀fẹ́ ni, ènìyàn lè to ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì lè wo èyí tí wọ́n ti kéde pé wọ́n jí. Ẹ gbé ère kúrò nílẹ̀, ẹ tò ó sórí pákó, ẹ má jẹ́ kó fara ti ògiri tó ń lami. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wọ inú igi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró ẹńjíìnì sí i, ẹ má sì fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn ún. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kí yàrá náà ní, ọ̀kan lọ́wọ́ ìjòyè, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ìyá, kí ẹnì kan má lè dá wọlé.

Ìwọ tí o sì ń bá àlejò onímọ́tò sọ̀rọ̀ lóru, mo rí ọ. Láti 1974 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìjọba ò fún láṣẹ. Bí wọ́n bá ti fi ère náà ṣọdún rí, ó wà lábẹ́ òfin, ì báà ṣe àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.

Kí òjò tó dé, mo fẹ́ kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá fún mi. Èmi náà á mú ìwé àti bírò dání. Mo wà nílé.