Ẹ Má Jẹ́ Kí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Parun

Kí bíà inú ìgò tó dé Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni àwọn baba wa ti ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn lálejò. Ìtàn tilẹ̀ sọ pé nígbà tí Ògúnlọ́lá ọdẹ, ẹni tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, tẹ̀dó sí ìdí igi àjàgbọn, ọtí tí aya rẹ̀ ń pọn tà wà lára ohun tí ó ń fa èrò sí ọ̀dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni pípọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: a ó rẹ àgbàdo sómi, a ó jẹ́ kí ó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ẹni tí ó bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu ún nínú igbá fínfín Ọ̀yọ́ kì í tètè gbàgbé, nítorí ọwọ́ apọntí kọ̀ọ̀kan ní adùn tirẹ̀.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà, kí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣe òwò.