Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ń pe Màmá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ wa tó wálé wá ṣe Kérésì ti padà sílùú òyìnbó, owó tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù a wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lẹ ó máa gbọ́ ọ ládùúgbò pé, "Màmá Lágbájá ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun nílùú ọba o." Inú gbogbo wa a dùn. Ẹni tí kò bá Màmá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ náà a wá jẹ nínú ìrẹsì tí wọ́n fi sìn ín lọ.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sọ òótọ́ fún Màmá kó tó wọ bàálù. Àwọn tó ni bàálù ò ṣàánú wa. Òtútù ló lé èèyàn sá, ni wọ́n fi dín owó kù.

Ọyẹ́ tí à ń pariwo rẹ̀ ní Múṣin yìí, ṣàṣà nìgbà tó ń mú kí ìwọ̀n ooru lọ sábẹ́ 20. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní January, bíi 8 ló máa ń jẹ́ lọ́sàn-án, tó bá dòru, ó lè wálẹ̀ sí 3. Fíríìjì ilé yín, tí iná bá wà, nǹkan bíi 4 ni. Ẹ bá mi rò ó wò. Yìnyín funfun tí Màmá ń rí nínú fíìmù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ níbẹ̀. Òjò wẹ́wẹ́ tí kì í dá bọ̀rọ̀ àti atẹ́gùn tó ń gúnni bí abẹ́rẹ́ ló pọ̀.

Òtútù tiẹ̀ ṣì sàn ju òkùnkùn lọ. Níparí December, ilẹ̀ kì í mọ́ títí di bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, oòrùn ti wọ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ní 1998, nígbà tí Ramadan bọ́ sí December, ẹ ó rántí pé aago mẹ́rin kì í tíì lù tẹ́ ẹ ti ń ṣínu. Ààwẹ̀ dùn nígbà yẹn! Ṣùgbọ́n ìyá tó ti mọ́ lára láti jókòó níta, kó máa kí ẹni tó ń kọjá, kó máa bá oníbọ̀ọ̀lì nájà, ẹ ní kó máa wo fèrèsé tó ṣókùnkùn láti aago mẹ́rin. Ìyàwó ọmọ ń sùn, ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, ará ilé kejì ò mọ orúkọ ẹ̀. Tẹlifíṣàn ló kù.

Ti hítà ńkọ́? Ó wà nínú ilé lóòótọ́, owó ló ń jẹ. Látìgbà tí owó gáàsì àti iná ti fò sókè níbẹ̀ ní 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń pa hítà tí wọ́n bá ń jáde. Ìyá kan ládùúgbò wa bá ọmọ ẹ̀ jà torí ẹ̀, ó ní ọmọ òun ti dahun. Kì í ṣe ahun o jàre! Ilé mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kó owó sí mítà kí iná tó wá, bíi tiwa níbí gan-an. Ká ní ọmọ ti sọ ọ́ ṣáájú ni, ìjà ò ní sí.

Èyí tó léwu jù ni ti àìsàn. Òtútù kì í ṣọ̀rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ó máa ń sọ ìfúnpá dòkè. Tí wọ́n bá gbé Màmá dé yàrá pàjáwìrì, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a dúró sí ọsibítù, àlejò gbọ́dọ̀ sanwó, àti láti 2015, ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń ná wọn ni wọ́n ń gbà. Kí Màmá kó oògùn tó máa lò títí yóò fi padà dé dání, kẹ́ ẹ sì ra inṣọ́ránsì ìrìn-àjò fún un.

Ẹ lọ wo ìdí òkìríkà ní Yábàá fún kóòtù tó nípọn. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú oòrùn Èkó? Ẹ nájà dáadáa. Kí Màmá sì gbà láti wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró.

Ìgbádùn náà wà níbẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá sinmi, kó mú Màmá lọ sí Rye Lane ní Peckham, níbi tí iṣu àti ata rodo wà lórí àtẹ. Kó mú un dé British Museum, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọbẹ̀, èrò kì í sì í pọ̀ nígbà òtútù bíi ti August. Ọ̀kan lára àwọn orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nílé-Ifẹ̀ ní 1938 wà lọ́wọ́ wọn. Bí Màmá bá fẹ́ bínú pé kí ló gbé e débẹ̀, ẹ jẹ́ kó bínú dáadáa, ilé ọ̀hún móoru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ máa pè é. Nígbà òtútù, aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú tiwọn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Pápá Àjàó ni aago mẹ́rin ọ̀hún tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́ Màmá. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pè.