Má Tẹ̀lé Ìgbín Jẹ Olú

Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra, tí ilẹ̀ rọ̀, tí olú bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ láti ọ̀nà oko títí dé ọjà: "Wò ó bóyá ìgbín ti jẹ lára rẹ̀. Ohun tí ìgbín bá jẹ tí kò kú, kò lè pa ènìyàn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé gboyè. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń wọnú ìkòkò ọbẹ̀ sì ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí irọ́ náà ń ṣe. Àwọn olú funfun ńláńlá kan hù lórí koríko tí wọ́n máa ń gé níwájú ilé rẹ̀, wọ́n tò yípo bí ẹni tó jókòó ṣèpàdé. Ojú ibi tí ìgbín ti bù jẹ hàn gbangba lára méjì nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rí ti pé. Ó já wọn, ó fi ata, epo àti irú sè wọ́n. Kò pé wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé garawa fún un. Ó bì, ó yàgbẹ́, ó tún bì, títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí yóò bì mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ètè rẹ̀ gbẹ. Omi tí wọ́n fà sí i lára mọ́jú ló gbà á là. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ nínú ọbẹ̀ kan náà, inú run ún díẹ̀ ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ àwo, kò ṣe é rárá.

Chlorophyllum molybdites ni àwọn onímọ̀ ń pe olú yẹn. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé, Nàìjíríà kò sì yọ sílẹ̀. Orí koríko tí a ń gé, etí ọ̀nà àti pápá ìṣeré ló fẹ́ràn jù. Ní Amẹ́ríkà, òun ló máa ń da àwọn tó ń já olú jẹ láàmú jù lọ. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì máa ń mú ẹnì kan kó fi ẹlòmíràn sílẹ̀, bó ti ṣe nílé ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "Lágbájá jẹ ẹ́ lánàá, kò ṣe é" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín nípa ikùn tiyín.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹ̀rí ìgbín náà wò bí ẹni wà nílé ẹjọ́. Kí ni ẹ rí? Ojú ibi tí ó ti bù jẹ. Ìgbín náà ńkọ́? Ẹ kò rí i. Òru ló wá, òru ló lọ. Ta ló tẹ̀lé e? Ta ló mọ̀ bóyá ó kú sábẹ́ ewé kókò ní ọjọ́ kejì? Ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò rí, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, òun ni a fi ẹ̀mí ọmọ wa lé lọ́wọ́.

Ká tilẹ̀ gbà pé ó yè. Ara ìgbín kì í ṣe ara ènìyàn. Ẹyẹ a máa ṣa ata jẹ lórí igi bí ẹni ń jẹ àgbàdo, ata náà kò ta á. Ajá tó bá jẹ ṣokoléètì púpọ̀ lè kú, ọmọ yín á sì lá a mọ́ ọwọ́, á tún béèrè òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú olú. Àwọn eṣinṣin kékeré kan wà tó jẹ́ pé inú olú ni wọ́n ń yé sí, ibẹ̀ ni ìdin wọn ti ń jẹ tí ó ń dàgbà, májèlé tó lè pa odindi ènìyàn kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ìdin tí ẹ bá rí nínú olú lè jẹ́ ọmọ irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀.

Èmi kò mọ májèlé mìíràn tó ń tan ènìyàn jẹ bí ti olú kan tó ń jẹ́ Amanita phalloides. Ilẹ̀ Yúróòpù ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá gbòǹgbò igi tí àwọn òyìnbó ń kó kiri dé Gúúsù Áfíríkà, Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wákàtí mẹ́fà kọjá, nígbà mìíràn ó ju méjìlá lọ, kí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ara á tún rọlẹ̀, àwọn ará ilé á máa dúpẹ́ pé ó ti lọ. Kò lọ o. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀, ó ti dí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má lè ka ìlànà tó wà nínú DNA rẹ̀, kí ó má lè ṣe purotéènì tí ara nílò mọ́. Ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi èyí wé ẹ̀rí ìgbín: bí májèlé bá lè fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ènìyàn tó ní ẹnu láti sọ̀rọ̀, báwo ni ẹ ó ṣe fi ojú lásán mọ ohun tó wà nínú ìgbín?

Wọ́n á ní: "A ó sè é títí, iná á pa májèlé rẹ̀." Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá, n kò sì fi í ṣẹ̀sín. Ìran tó ń ṣe gàrí ni wá. A mọ̀ pé gbágùúdá ní májèlé, a sì mọ bí a ti ń lé e jáde: a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro, a ó jẹ́ kó kan, a ó yan án. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n májèlé gbágùúdá ni ọgbọ́n yẹn wà fún, èyí tí ń bá omi ṣàn tí ń bá ooru fò lọ. Ti Amanita kì í fò lọ. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ sá a sórí àpáta kó gbẹ táútáú, ẹ kó o sínú fíríìjì, ó wà níbẹ̀ digbí.

Ti owó fàdákà tàbí àlùbọ́sà tí wọ́n ní yóò dúdú bí a bá sọ ọ́ sínú ìkòkò, kò tó ohun tí à ń pẹ́ lórí rẹ̀: májèlé Amanita kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fàdákà. Àwọn tó ní olú funfun kì í léwu, èyí tó ní àwọ̀ mèremère nìkan ló yẹ ká sá fún, kí wọ́n rántí pé funfun ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ.

Èsì tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi ni pé àwọn ìyá wa jẹ olú, wọn kò kú, àwọn ló sì kọ́ wa. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé a ń purọ́ mọ́ àwọn ìyá wa. Ìyá tó mọ olú kì í wá ojú ẹnu ìgbín. Ó mọ olú ọ̀rán, èyí tó ń hù bí ogunlọ́gọ̀, kéékèèké, níbi tí ikán ti kó ìdọ̀tí ilé wọn síta. Ó mọ ẹsẹ̀ adìẹ, tí ń hù lára igi tó ti kú, tí abẹ́ rẹ̀ là wẹ́wẹ́. Ó mọ èyí tó ń hù lórí ìdì ẹyìn tí a ti yọ èso rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ó mọ ibi tó ń hù, oṣù tó ń hù, òórùn rẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí nínú ilẹ̀. Èyí tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀. Ní 1975, onímọ̀ ewéko B. A. Oso kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Mycologia lórí olú àti àwọn Yorùbá. Ìmọ̀ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ló kó jọ, ó sì gbé orúkọ tí wọ́n ń pe olú kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Orúkọ ni wọ́n jogún fún wa. Àwa la sọ orúkọ nù tí a mú ìgbín.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú olú, a lè mọ̀ ọ́n, bí a bá fara balẹ̀. Ẹ wo àwọn olú ọ̀gán, ìdílé tí Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ní Termitomyces ní 1942. Ikán ló ń gbìn wọ́n sínú ilé rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń gbin iṣu. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn wọlẹ̀ bí gbòǹgbò títí dé ibi tí ikán ń gbé. Ìbòrí wọn sábà máa ń ní ṣóńṣó líle láàárín, èyí tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ jáde. Kò sí gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ Chlorophyllum. Òrùka tó ṣe é fà sókè sódò ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, ìpẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ wà lórí ìbòrí rẹ̀, àwọn ìlà abẹ́ rẹ̀ tó funfun ní kékeré á sì máa di àwọ̀ ewé bí ó ti ń gbó. Ẹ gé ìbòrí náà, ẹ da ojú rẹ̀ bo bébà funfun, ẹ fi abọ́ dé e di àárọ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó bá sun sórí bébà á sọ̀rọ̀: ti olú ọ̀gán á pupa rẹ́súrẹ́sú, ti Chlorophyllum á ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí náà di ìgbín tuntun. Àwọn olú olóró mìíràn wà tí lẹ́búlẹ́bú tiwọn náà pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo àmì ni a ń kó jọ kí a tó pe orúkọ, ẹyọ kan kò tó.

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò fi lè gba ẹnikẹ́ni là. Fọ́tò kì í fi ohun tó wà nínú ilẹ̀ hàn, kì í ní òórùn, kì í sun lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, mo fi àkànṣe ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀ yín. Ìmọ̀ olú kì í bá ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, ní Canberra ní Ọsirélíà, wọ́n fi Amanita phalloides se oúnjẹ ọdún. Méjì nínú àwọn tó jẹ ẹ́ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Olú yẹn ní kékeré jọ Volvariella volvacea tí wọ́n ń jẹ ní Éṣíà, tí ń hù lórí ìdì ẹyìn lọ́dọ̀ tiwa náà. Àwọn méjèèjì ló ń jáde láti inú àpò bí èèpo ẹyin. Amanita phalloides ń hù ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ igi tí ẹ lè máa gbà kọjá lójoojúmọ́.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ èyí tó ṣe é, ẹ má dúró wò ó bóyá á rọlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ìyókù olú náà dání, tútù tàbí sísè, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, kí ẹ sì sọ aago tó jẹun àti aago tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣíwọ́ olú jíjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló ń mú lọ sóko báyìí. Á kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ olú, á máa gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀ títí ikán á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọwọ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.